Àbúrò mi ní Amẹ́ríkà, ajá mi ní Ìyàrà: mélòó nínú wa ni eégbọn ti kó àìsàn ràn?

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi rèé: "Dókítà ẹran, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ fẹ̀yìntì ni mí, ìlú Ìyàrà ní ìpínlẹ̀ Kogi ni mò ń gbé. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà pè mí lóṣù tó kọjá pé eékún ń dun òun, ara ń ro òun, wọ́n ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní Lyme ni, pé eégbọn ló bu òun jẹ. Ó ní lọ́dọ̀ wọn, àìmọye èèyàn ló ní in. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Ajá méjì ló wà nínú ọgbà mi, eégbọn bo etí wọn. Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló máa ń já eégbọn náà kúrò lára wọn, ibà sì mú un ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Wọ́n fún un lóògùn ibà, ara rẹ̀ ti yá. Ẹ jọ̀ọ́, nínú èèyàn mẹ́wàá nílẹ̀ Òkun wa níbí, mélòó ló ní àìsàn eégbọn lára? Àbí kí n ní kí wọ́n wá kó àwọn ajá náà lọ?"

Màmá, òkun o. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ yín, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ajá yín lọ. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀pọ̀ ajá tí wọ́n bá wá kó lọ ti ń parí ìrìn wọn: ìdí ìkòkò ni. Ohun tó ń bà yín lẹ́rù kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ló lọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ ajá, ọ̀rọ̀ ajá wá lọ́ mọ́ ibà ọmọ. Mo fẹ́ tú wọn síra kí n tó dé orí iye tí ẹ ń béèrè, torí bí a kò bá tú wọn, iyekíye tí mo bá dá yóò kàn já yín láyà lásán, tàbí kó fi yín lọ́kàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ ká gbé ti àbúrò yín kúrò nílẹ̀. Orúkọ ìlú ni Lyme, Old Lyme ní ìpínlẹ̀ Connecticut, níbi tí oríkèé ara ti ń wú àwọn ọmọdé kan ní nǹkan bí 1975 tí àwọn ìyá wọn kò sì gbà pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Willy Burgdorfer ló wá rí kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á nínú ikùn eégbọn, ìwé rẹ̀ jáde ní 1982, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ kòkòrò náà. Eégbọn tó ń gbé e kiri, eégbọn igbó ilẹ̀ tútù ni. Ara eku kéékèèké ló ti ń kó kòkòrò náà, ara àgbọ̀nrín ọ̀hún ló ti ń jẹ àjẹyó. Irú eégbọn yẹn kò sí ní Ìjùmú, kò sí ní Bùnú, kò sí ní Yàgbà. Àwọn elétò ìlera Amẹ́ríkà ṣírò pé nǹkan bí 476,000 èèyàn ni wọ́n ń tọ́jú fún Lyme lọ́dọọdún, púpọ̀ nínú wọn ní ìhà àríwá sí ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Àbúrò yín kò ṣe àsọdùn rárá. Àmọ́ iye ti ọ̀hún, ti ọ̀hún ni. Ẹni tó bá gbé e wá síbí kò yàtọ̀ sí ẹni tó gbọ́ pé yìnyín bo títì ní London tó wá lọ ra ẹ̀wù òtútù sílẹ̀ ní Kàbbà.

Ìyẹn kò ní kí eégbọn tiwa jẹ́ ẹni rere o. Eégbọn kì í ṣe ìbátan ìdun tàbí iná orí. Ẹbí aláǹtakùn àti àkekèé ni, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, àfi ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin tó ń fi mẹ́fà rìn. Èyí tó wà létí ajá yín, tó pupa rẹ́súrẹ́sú tó sì máa ń wú bí hóró ẹ̀wà bó bá mu ẹ̀jẹ̀ yó, ajá ló fẹ́. Èèyàn kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀ àfi tí wọ́n bá pọ̀ jù nínú ilé tí ebi sì ń pa wọ́n. Ti màlúù yàtọ̀. Ọ̀kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọnà aláràbarà bí àdìrẹ, tí òrùka funfun sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Abẹ́ ìrù àti igun itan ló ń jókòó sí, ẹnu rẹ̀ gùn, ojú ibi tó bá ti jẹ a máa di egbò. Ìyẹn kì í kàn dúró de ẹran, a máa gbóòórùn rẹ̀, a sì sáré tọ̀ ọ́ lọ nínú koríko. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa ní gbogbo Ìjùmú yìí ni àwọn àgbà rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Òmíràn tún wà, kékeré, aláwọ̀ eérú, tí kì í fi ara màlúù kan sílẹ̀ láti kékeré títí dàgbà. Kálukú ló ní ẹrù tó ń gbé. Ẹni tó bá kó gbogbo wọn pọ̀ lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, "àìsàn eégbọn", ti sọnù kó tó jáde nílé.

Wàyí o, ẹ ní mélòó nínú mẹ́wàá. Olùkọ́ ni yín, yóò tètè yé yín. Bí ẹnì kan bá bi yín pé ọmọ mélòó lẹ ní ní kíláàsì, ẹ ó bi í padà: ṣé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ni, àbí àwọn tó wá lónìí, àbí àwọn tó yege? Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ajá tó ní eégbọn lára yàtọ̀ sí eégbọn tó ní kòkòrò nínú. Èèyàn tí eégbọn bù jẹ yàtọ̀ sí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé ara rẹ̀ ti bá kòkòrò náà wọ̀jà rí, tó ṣẹ́gun rẹ̀, tí kò tilẹ̀ mọ̀. Ẹni yẹn náà yàtọ̀ sí ẹni tó dùbúlẹ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ ìròyìn tó ń dẹ́rù ba èèyàn lórí fóònù, iye ìkan ni wọ́n mú tí wọ́n fi ń pe òmíràn.

Ẹ wo ti ajá. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan tẹ àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ajá 181 jáde, láti Plateau, Kaduna, Rivers, àti Kwara tó jẹ́ aládùúgbò wa gan-an. Bí èèyàn bá kọjá Ẹ̀gbẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀ Kwara ló wà. Nínú 100, nǹkan bí 41 ló ní kòkòrò kan tó ń jẹ́ Hepatozoon canis, nǹkan bí 13 ló ní Ehrlichia canis, Babesia rossi tí í tètè pa ajá sì wà lára nǹkan bí 7. Bí ẹ bá gbọ́ 41 yẹn lásán, ẹ ó pariwo. Ṣùgbọ́n ajá tó ní Hepatozoon lè máa jẹun, kó máa gbó, kó máa lé òyà nínú oko. Ohun tó tún dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ kòkòrò yẹn ni pé kì í ṣe bí eégbọn ṣe ń jẹ ajá ni ajá fi ń kó o. Ajá ló ń fi eyín wá ara rẹ̀, tó ń gbé eégbọn mì. Àìsàn ajá sì ni. Ajá kì í kó o ran èèyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni Babesia tó ń pa ajá níbí kì í wọ èèyàn lára. Nítorí náà, bí gbogbo ajá Ìyàrà bá tilẹ̀ ní in, kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀jẹ̀ ọmọ-ọmọ yín.

Ti èèyàn ńkọ́? Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ràn, torí pé wọ́n fi sùúrù ṣe é. Abúlé kan wà ní Senegal tó ń jẹ́ Dielmo. Láti 1990 sí 2003, àwọn oníṣègùn fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ bá gbóná, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé ibà kan wà tó ń lọ tó ń bọ̀, eégbọn inú ihò eku ló ń fà á, nǹkan bí ìgbà 11 ló sì ń ṣẹlẹ̀ láàárín èèyàn 100 lọ́dún kan. Eégbọn yẹn náà kì í ṣe tiwa. Ilẹ̀ gbígbẹ tó wà lókè wa lọ́hùn-ún ló bá a lára mu, òjò ìhà ibí ti pọ̀ jù fún un. Àmọ́ ẹ wo ohun tó gbà kí wọ́n tó lè sọ pé 11 nínú 100: ọdún mẹ́rìnlá, abúlé kan ṣoṣo, gbogbo ibà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, wọ́n á ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí ike àyẹ̀wò ibà, wọ́n á tún wo táífọ́ọ̀dù, ó parí. Kò sẹ́ni tó ń wá eégbọn nínú rẹ̀, ohun tí a kò wá, a kì í kà á. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé mẹ́ta nínú mẹ́wàá ará Òkun ló ní i, ẹ bi í pé ẹ̀jẹ̀ ta ló gbà. Bó bá sì ní kò sí rárá, ẹ bi í ní ìbéèrè kan náà.

Bí ẹ bá ní kí n fi ojú iṣẹ́ tèmi sọ ọ́, ohun tí mo lè sọ nìyí. Màlúù tí mo ń tọ́jú ní gáà, láti Bùnú títí dé ìhà Ìsánlú, agbára káká ni mo fi ń rí èyí tí eégbọn kò sí lára rẹ̀ nígbà òjò. Ajá ọdẹ ló tẹ̀ lé e. Nínú èèyàn, àwọn tí mo máa ń fura sí ni darandaran, alápatà, ọdẹ tó ń gbé ẹran ìgbẹ́ sọ́rùn wálé, àti àwa dókítà ẹran. Olùkọ́ fẹ̀yìntì àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ jìnnà sísàlẹ̀ gan-an nínú ìlà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò sí níta ìlà náà pátápátá.

Èmi fúnra mi ti wà nínú ìlà ọ̀hún rí. Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, mo lo odindi ọjọ́ kan láàárín màlúù, mo wọ ṣòkòtò péńpé nítorí ooru, ìwà òmùgọ̀ gbáà. Lọ́jọ́ kẹfà ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi bí ẹni fi òòlù lù ú, ọrùn mi le, ara mi gbóná. Mo dé ibi àyẹ̀wò kan, wọ́n ní ibà kan, táífọ́ọ̀dù kan. Mo lo oògùn méjèèjì, kò lọ. Ìyàwó mi ló rí i nígbà tí mo ń wẹ̀: ẹ̀yìn orúnkún mi, ojú kan tó dúdú bí ibi tí wọ́n fi iná sìgá jó, ó gbẹ, kò dùn mí rárá, igun itan mi sì ti wú kókó. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí eégbọn. Mo padà sọ́dọ̀ oníṣègùn pẹ̀lú ojú dúdú yẹn, ó fún mi ní doxycycline, ọjọ́ kejì ni ibà ti sọ̀ kalẹ̀. Ibà eégbọn ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, Rickettsia africae ló ń fà á, eégbọn màlúù alára àdìrẹ yẹn ló sì ń gbé e. Kì í sábà pa èèyàn. Àwọn àlejò òyìnbó tó wá wo ẹranko nínú igbó ni wọ́n máa ń rí i lára wọn jù, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ṣé àwọn nìkan ni eégbọn ń jẹ ni? Àwọn ló ń padà sí ibi tí wọ́n ti ń wá a. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ da yín rú. Táífọ́ọ̀dù ti inú omi àti oúnjẹ ẹlẹ́gbin ń wá. Ibà tí eégbọn ń fà, ẹbí àìsàn kan ni tí òyìnbó ń pè ní typhus. Orúkọ méjèèjì jọra, àìsàn wọn kò jọra, oògùn ọ̀kan kì í sábà tán èkejì.

Òmíràn wà tí n kò fẹ́ fi dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n n kò lè fò ó. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ Dùgbẹ̀. Ní 1964, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú eégbọn màlúù, wọ́n sì fi orúkọ Dùgbẹ̀ sọ ọ́. Òun ni àwọn ìwé ìṣègùn káàkiri ayé ń pè ní Dugbe títí dòní. Dugbe kò le púpọ̀. Ìbátan rẹ̀ kan le, èyí tí wọ́n ń pè ní ibà Crimea òun Congo, tí wọ́n rí lára màlúù àti eégbọn Nàìjíríà láàárín àwọn ọdún 1960 kan náà. Kò wọ́pọ̀ lára èèyàn, àmọ́ nínú 100 tó bá mú, ó lè pa 10 títí dé 40. Màlúù tó ní i kì í ṣàìsàn. Ara rẹ̀ le koko dé odò ẹran. Ẹ̀jẹ̀ tútù àti eégbọn tí èèyàn fi èékánná tẹ̀ fọ́ ni ọ̀nà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi bá àwọn alápatà ṣàwàdà lórí ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́. Ìdí nìyẹn náà tí ohun tó kàn mí jù nínú lẹ́tà yín kì í fi í ṣe ajá, bí kò ṣe àwọn ìka ọmọ-ọmọ yín. Bí àwọn ọmọ wa ṣe ń já eégbọn tí wọ́n á gbé e sórí òkúta kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pàá kí ẹ̀jẹ̀ ta jáde, eré ni lójú wọn. Ẹ dá a dúró lónìí.

Ní ti ibà rẹ̀, dókítà ẹran ni mí, ọmọ èèyàn kì í ṣe oníbàárà mi, ṣùgbọ́n mo lè sọ bí mo ṣe rí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ara rẹ̀ gbóná ní Ìyàrà, ẹ̀fọn ni kí a kọ́kọ́ mú. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ibà ẹ̀fọn tó ń mú aráyé, Nàìjíríà níbí ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ó lo oògùn ẹ̀fọn, ara rẹ̀ yá; ìyẹn gbè wá lẹ́yìn. N kò ní parọ́ pé ó jẹ́ ẹ̀rí tán, torí ibà eégbọn náà a máa lọ fúnra rẹ̀ nígbà míràn. Ohun tó lè yí mi lọ́kàn padà ni ojú dúdú gbígbẹ bí tèmi, tàbí kókó lọ́rùn, lábíyá, nígun itan. Ẹ tú irun rẹ̀ wò, ẹ wo ẹ̀yìn etí. Bí ẹ bá rí i, tàbí bí ara bá tún gbóná tí àyẹ̀wò ibà ní kò sí nǹkan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ fún dókítà pé ọmọ yìí ń já eégbọn. Wọn kò ní béèrè. Ẹ má ra kápúsù pupa-òun-yẹ́lò, tetracycline, lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì fún un, ẹbí oògùn tó gbà mí ni lóòótọ́, àmọ́ a máa ba àwọ̀ eyín ọmọdé jẹ́. Dókítà ló mọ ìgbà tó yẹ àti irú èyí tó yẹ.

Ajá wá kù. Ìdí tí ẹ fi ń wẹ̀ wọ́n tí eégbọn fi ń padà ni pé díẹ̀ ló wà lára ajá. Ìyókù wà nínú ògiri. Eégbọn ajá a máa já bọ́ bó bá ti yó, a gun ògiri, a yé ẹyin bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin sínú ihò bíríkì, a sì kú. Àwọn ọmọ tó bá pa lè fi ọ̀pọ̀ oṣù gbààwẹ̀ títí ajá yóò fi kọjá. Nítorí náà, ẹni tó bá wẹ ajá láìwẹ ilé, omi ló ń da sínú ajere. Oògùn amitraz tí a ń pò mọ́ omi ló wọ́n níwọ̀n, òun ni mo ń lò fún ọ̀pọ̀ èèyàn: ẹ fi wẹ ajá, ẹ wọ́n ọn sí ihò ògiri àti ibi tí wọ́n ń sùn, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán ìgbà mẹ́ta, kí ọmọdé má sì sí nítòsí títí yóò fi gbẹ. Òògùn jíjẹ tuntun wà tí ajá ń jẹ lẹ́ẹ̀kan lóṣù tàbí lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ó dára ju gbogbo rẹ̀ lọ, owó rẹ̀ kò ṣe é gbọ́ létí. Abẹ́rẹ́ ivermectin tí gbogbo èèyàn ń sáré sí, aràn ló dára fún, kì í fi bẹ́ẹ̀ ran eégbọn ajá. Ẹ má da epo ẹ́ńjìnnì sí wọn lára. Ẹ má fi apakòkòrò inú ìgò kékeré, èyí tí NAFDAC fòfin dè ní 2019, wẹ̀ wọ́n. Mo ti rí ajá tó kú kí eégbọn ara rẹ̀ tó kú. Ẹ̀yin tí ẹ ní adìẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ̀ kiri ọgbà. Ẹ rántí òwe nípa eégbọn tó so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nímú tí adìẹ ń wò ó, ẹ óò rí i pé adìẹ mọ ohun tó ń wò: a máa ṣa eégbọn jẹ lóòótọ́. Èyí tó bá kù lára ajá, àgbàlagbà ni kó yọ ọ́, kó wọ ìbọ̀wọ́ tàbí kó fi ọ̀rá wé ọwọ́, kó fi ẹ̀mú kékeré di orí rẹ̀ mú súnmọ́ awọ, kó fà á tààrà láìyí i, kó sọ ọ́ sínú omi ọṣẹ tó le. Kò sí kẹrosíìnì, kò sí iná ìṣáná.

Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ ṣí ètè àwọn ajá méjèèjì. Bí ẹran ìdí eyín wọn bá pọ́n bí ó ṣe yẹ, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwẹ̀ lọ́la. Bó bá funfun bí bébà, tí ìtọ̀ wọn sì pọ́n bí sóbò, Babesia ni mo ń fura sí. Ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà, ẹ gbé wọn wá sí Kàbbà lálẹ́ ọjọ́ náà.